Àká Àkókò: Ìbéèrè Tó Wúwo Jù Nínú Ìgbékalẹ̀ InfluxDB

Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Kétu, tàbí tí odò Ouémé bá kún nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn àgbà a máa sọ fún wa pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìrántí wọn níyì púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í sọ iye mìlímítà òjò tó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ wákàtí tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Iye àti wákàtí wọ̀nyí gan-an ni àgbẹ̀ nílò láti yan ọjọ́ ìgbìn, òun náà sì ni ará etí odò nílò kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà omi.

Irú àká ìsọfúnni kan wà tí a dá fún iṣẹ́ yìí: àká tí í to ohun gbogbo tí a bá wọ̀n ní ìtẹ̀léra àkókò. InfluxDB, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2013, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ ni a ó gbé yẹ̀ wò. Ìlà kan báyìí ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀:

ojo,ilu=Ketu mm=12.5

Ohun tí a wọ̀n ló ṣáájú, ibi tí a ti wọ̀n ọ́n tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú kọ̀ǹpútà kan tí ń lo Debian, ọ̀kan nínú ìdílé Linux tí ó fara jọ Unix. A ó kọ́kọ́ fi àdírẹ́sì ibi tí InfluxData kó ètò rẹ̀ sí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ rẹ̀, han Debian. Lẹ́yìn èyí, a ó pàṣẹ pé:

sudo apt-get update
sudo apt-get install influxdb2 influxdb2-cli
sudo systemctl enable --now influxdb
influx setup

Àṣẹ kẹta ni yóò mú kí àká náà máa jí fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí iná mànàmáná bá lọ tí ó sì padà dé. Àṣẹ kẹrin ni yóò bi wá ní ìbéèrè: orúkọ olùlò, ọ̀rọ̀ aṣínà, orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ àpò tí a ó kó ìsọfúnni sí, àti iye wákàtí tí a fẹ́ tọ́jú rẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló wúwo jù. Bí a bá dáhùn pé 720, ohun tó bá ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ yóò di pípa rẹ́. Bí a bá sì wá mú ìwé òjò ọdún 2010 wá, ọdún tí omíyalé ba púpọ̀ jẹ́ ní Benin, àká náà kò ní gbà á wọlé. Bí a bá dáhùn pé 0, kò sí ohun tí yóò pa rẹ́. A lè yí ìdáhùn padà lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ohun tó ti sọnù kò ní padà.

Ọ̀rọ̀ aago náà tún wà níbẹ̀. Benin fi wákàtí kan ṣáájú Togo: aago mẹ́jọ ní Kétu ni aago méje ní Atakpamé. Nínú àká yìí, aago àgbáyé kan náà ni gbogbo wa ń lò, tí a ń kà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Nítorí náà, òjò ìlú méjèèjì lè jókòó pọ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìlà kan láìfi àkókò sí i, bí ìlà òkè yẹn, àká yóò lo àkókò tí ìlà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òjò àná yóò wá di òjò òní.

Ẹ̀yin èwe wa, ẹ máa fi àṣẹ influx backup ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísíìkì mìíràn, nítorí kọ̀ǹpútà a máa kú. Kí ẹ sì wá àwọn ìwé tí àwọn baba wa kọ iye òjò sí, kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àká tuntun kì í pẹ́ gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún pípẹ́ nìkan ló lè kún un.