Kí A Tó Pín, Ẹ Jẹ́ Kí A Kà: Iṣẹ́ Tí Ìlà Ń Ṣe Lẹ́yìn Omíyalé

Ẹ̀yin ará wa ní Fìdítì, Ìlọrà àti gbogbo àyíká, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú yàrá, tí ẹ ń sá ẹní àti aṣọ sóòrùn, Olúwa yóò fi èyí tó dára rọ́pò èyí tó bá omi lọ.

Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn láti inú ìjọ yóò máa kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Àwọn kan ti ń béèrè pé, "Ṣé ìwé ni a ó jẹ? Ẹ kúkú gbé ìrẹsì wá." Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn sì tọ́ sí yín. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ìlà tí wọ́n ń fà wà fún, kí ẹ̀yin náà lè fà á ní àdúgbò yín.

ÌDÍ TÍ A FI Ń KÀ

Ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe àlejò omíyalé. Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tún pa ènìyàn tó lé ní 100 níbẹ̀. Ní ọdún 2022, kárí Nàìjíríà, iye tí ìjọba kéde ni pé ó lé ní 600 ènìyàn tó kú, omi sì lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan àti 400,000 lọ kúrò nílé. Kò sí ẹni tó lè dúró sójú kan kó mọ irú iye bẹ́ẹ̀. Láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ti ń kó o jọ. Ẹni tí a kò bá kà kò sí nínú iye, nígbà tí wọ́n bá sì ń di ẹrù, wọn kò ní di tirẹ̀ mọ́ ọn.

MÁRÙN-ÚN, MÁRÙN-ÚN

Bí a ṣe ń fà á kò ṣòro. Ẹ fa ìlà kan fún ohun kan tí ẹ bá kà. Tí ìlà bá pé mẹ́rin, ẹ fa ẹ̀karùn-ún dábùú wọn, kí wọ́n dà bí igi tí a dì ní ìdì kan. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ìdì mìíràn. Nígbà tí ẹ bá parí, ìdì ni ẹ ó kà: 5, 10, 15, 20.

Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ní 1862, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 pé márùn-ún márùn-ún ni àwọn tó ń ka owó ẹyọ ń fà á: márùn-ún lọ́nà ogún di ọgọ́rùn-ún. Ìwé àti pẹ́ńsù nìkan ló gba ipò owó ẹyọ.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé 20 ṣe àpèjúwe. Kì í ṣe iye àdúgbò kankan. A béèrè pé ẹni mélòó ló ń sùn nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn wọn nìyí bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn:

4, 6, 3, 5, 7, 4, 6, 5, 8, 4, 2, 5, 6, 4, 5, 3, 7, 5, 4, 6

Báyìí, nọ́ńbà lásán ni wọ́n. Tí a bá fa ìlà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì kọ iye ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di àtẹ (àmì / dúró fún ìlà tó dábùú):

Ẹni 2: | — ìdílé 1
Ẹni 3: || — ìdílé 2
Ẹni 4: ||||/ — ìdílé 5
Ẹni 5: ||||/ — ìdílé 5
Ẹni 6: |||| — ìdílé 4
Ẹni 7: || — ìdílé 2
Ẹni 8: | — ìdílé 1
Àpapọ̀: ìdílé 20

Ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀: ẹni 2 lọ́nà 1 jẹ́ 2, ẹni 3 lọ́nà 2 jẹ́ 6, ẹni 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, títí dé ìsàlẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn 99. Ìwé ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ ìrànwọ́ ń lò káàkiri ayé, sọ pé ó kéré tán, kí ẹnì kan rí lítà omi 15 lójúmọ́. Ènìyàn 99 nílò lítà 1,485, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 60.

Ká ní a kò ṣe àtẹ ńkọ́? A ó ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba kẹ́ẹ̀gì 3, gbogbo ènìyàn á sì pè é ní ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé ẹni 2, ẹnì kọ̀ọ̀kan á rí ju lítà 37 lọ. Nínú ìdílé ẹni 8, kò ní tó lítà 10 fún ẹnì kan. Ìpín dọ́gba lẹ́nu ọ̀nà, kò dọ́gba nínú ilé.

A KÌ Í KA ỌMỌ FÚN ỌLỌ́MỌ

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Olùyọ̀ǹda kankan kò ní dúró lójúde yín kó máa na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá tàbí bàbá ilé ni yóò kà wọ́n sínú, nọ́ńbà kan péré ni yóò sọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fẹnu sọ ọ́ lè ka hóró àgbàdo lé wa lọ́wọ́. Níbi tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, ìkíni ni a ó kọ́kọ́ kí wọn. Ìbéèrè lè dúró.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÍYÈ SÍ

1. Ilé kan lè ní ìdílé mẹ́ta. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan. Ẹ má ka onílé kí ẹ fi ayálégbé sílẹ̀.

2. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀kùn tí ẹ ti kà, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un kà.

3. Ẹni tó ti sá lọ sọ́dọ̀ ẹbí, ibi tó ń sùn kí omi tó dé ni kí ẹ ti kà á.

4. Àpapọ̀ àtẹ gbọ́dọ̀ bá iye ìdílé tí ẹ bẹ̀ wò mu. Bí ó bá dín, ẹ ti fo ẹnì kan. Ẹ padà lọ.

5. Ìbéèrè nípa ohun tó bàjẹ́ yàtọ̀. Ìdílé kan lè pàdánù ibùsùn, ilé ìyàgbẹ́ àti oko lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìlà lè ju iye ìdílé lọ.

A ó lẹ àtẹ àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ́ ara pátákó ìjọ. Kò ní sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ìwé orúkọ kò ní kúrò ní ọ́fíìsì wa. Ilé Mùsùlùmí àti ilé Kristẹni, ìlà kan náà ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i pé iye kò bá ohun tó mọ̀ mu, kó wá sọ kí a tó pín ẹrù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kéré ìlà tó dá dúró. Bí àtẹ bá ní ìlà kan péré fún ìdílé tó ní ẹni tí kò lè rìn, ìlà náà ni yóò rán wa létí pé ẹnì kan kò lè wá tò sórí ìlà, àwa ni yóò gbé tirẹ̀ lọ bá a.