Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kí Okùn Ìwọ̀ Díjú Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Létí ọ̀sà Ébrié, láti Treichville títí dé Vridi, títí lọ dé Grand-Bassam, kò ṣòro láti rí ẹni tó na ọ̀pá ìwọ̀ sórí omi. Àwọn kan nínú wọn ti ń fi ẹ̀rọ ìká okùn tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n ń ra èyí tó ń jókòó lé ọ̀pá lórí, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní moulinet casting. Ọ̀pọ̀ ló rà á láìkọ́ ọ. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, okùn ti díjú, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e, èyí tí wọ́n gé sì ti bọ́ sínú ọ̀sà. A kọ àlàyé yìí fún gbogbo ará ìlú tó fẹ́ràn ẹja pípa, àti fún ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ wá fi Abidjan ṣe ilé.

Kí ni ẹ̀rọ yìí?

Lára ẹ̀rọ tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, àgbá kékeré tí okùn wé mọ́ kì í yí nígbà tí a bá ju ìjẹ. Okùn kàn ń tú kúrò lára rẹ̀ ni. Èyí tó ń jókòó sórí ọ̀pá kò rí bẹ́ẹ̀: àgbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí bí ìjẹ ti ń fò lọ. Àtàǹpàkò ẹni tó ń jù ú wà lórí àgbá náà, nítorí náà ó lè dá ìjẹ dúró ní ibi tó fẹ́ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá tàbí létí gbòǹgbò igi tó wà nínú omi. Ó tún lágbára láti fa ẹja ńlá jáde.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe tuntun. George Snyder, aṣeaago kan ní ìlú Paris ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. Iṣẹ́ aago hàn lára rẹ̀ títí di òní: eyín irin kéékèèké wọnú ara wọn, tó fi jẹ́ pé bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgbá á yí lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ni ká wò ká tó rà á?

Ká kọ́kọ́ mọ ẹja tí à ń wá. Ẹni tó jẹ́ pé ẹpìyà, tí wọ́n ń pè ní carpe níbí, nìkan ló fẹ́ pa kò nílò ẹ̀rọ yìí, nítorí ìjẹ tí kò tó gíráàmù 7 kò lágbára tó láti fa àgbá yí dáadáa. Ìjẹ tó tó gíráàmù 10 sókè ló bá a mu: ẹja onírọ́bà, tàbí irin dídán tí a ń fà nínú omi láti fi tan kútà, carangue, capitaine àti carpe rouge.

Ẹ wo ọwọ́ ìyí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀rọ tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá ṣeé yí padà láti ọ̀tún sí òsì, èyí kò ṣeé yí. Ẹni tó bá ra ti òsì ti ra ti òsì nìyẹn, owó rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà, kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ wò.

Ọ̀pá rẹ̀ náà yàtọ̀. Àwọn òrùka rẹ̀ ń kọjú sókè, irin tàbí ike kékeré kan sì yọ lábẹ́ ibi ìdìmú fún ìka láti fi kọ́ ọ. Ọ̀pá tó gùn tó mítà 2 tàbí díẹ̀ lé ni ó rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ìjẹ tó lè gbé sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ gíráàmù 10 sí 30 sí lára yóò ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ létí ọ̀sà. Fún okùn, náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó mìlímítà 0.30 sí 0.35 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Okùn tí wọ́n hun dára, ṣùgbọ́n bí ó bá díjú, ó ṣòro tú ju náílọ́ọ̀nù lọ.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò kéré. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ipa omi Vridi ní ọdún 1950 ni omi òkun ti túbọ̀ ń wọ inú ọ̀sà Ébrié. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún omi tí kò níyọ̀ nìkan yóò dípẹtà kíákíá níbí. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún omi iyọ̀. Bí ó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà ní Adjamé, ẹ yí i wò, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá gbọ́ tí irin ń ha ara wọn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Kí ló ń fa dídíjú okùn?

Kì í ṣe àìríire, kì í sì í ṣe pé aráyé ń ṣe ẹni. Bí awakọ̀ gbáká bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ á dúró, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ á ṣì máa lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìjẹ àti àgbá. Afẹ́fẹ́ ń dín eré ìjẹ kù lójú ọ̀run, omi sì ń dá a dúró pátápátá, ṣùgbọ́n àgbá kò mọ̀, ó ṣì ń yí. Okùn tó ń tú sílẹ̀ kò wá rí ibi tó máa lọ mọ́, ó sì ń kóra jọ lé àgbá lórí.

Ohun tó ń mú un yá ni kí a fi ipá já ọ̀pá dípò kí a fì í pẹ̀lẹ́, kí a jù ú sójú afẹ́fẹ́, kí ìjẹ fúyẹ́ jù, kí okùn kún àgbá dé etí, tàbí kí àtàǹpàkò má sí lórí àgbá nígbà tí ìjẹ bá balẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́.

Àwọn àmì wo la ó fi mọ̀ ọ́n?

Kó tó díjú pátápátá, ó máa ń sọ. Ẹ ó rí i tí okùn ń wú sókè lórí àgbá, tí kò lẹ̀ mọ́ra mọ́. Ìjẹ á dúró lójijì lójú ọ̀run, nígbà mìíràn á tilẹ̀ padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú. Bí ẹ bá ń ká okùn padà, ẹ ó rí ibi tí ó há sí abẹ́ ìyókù. Lẹ́yìn tí ẹ bá tú u tán, ẹ fi ìka tọ ara náílọ́ọ̀nù náà: ibi tó bá ti funfun tàbí tó ti ṣẹ́po kò lágbára mọ́, ibẹ̀ ni yóò já nígbà tí ẹja gidi bá gbé e. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò.

Báwo la ṣe lè dènà rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí ilẹ̀. Ẹ so irin ìwúwo gíráàmù 10 sí 15, láìní ìwọ̀, mọ́ okùn, kí ẹ lọ sí pápá tí èèyàn kò sí. Ìdè róbótó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyí. Ẹ lọ́ ọ títí tí irin náà yóò fi máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tú àgbá sílẹ̀, tí àgbá yóò sì dúró bí irin bá ti kan ilẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni bíréèkì wà. Bí ó bá jẹ́ olóòfà tí wọ́n kọ nọ́ńbà 0 sí 10 sí lára, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 8, kí ẹ máa dín in kù bí ọwọ́ bá ti ń mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kánjú dín in kù kí ìjẹ lè lọ jìnnà. Ẹ ní sùúrù, ọ̀nà jíjìn yóò tẹ̀lé ọwọ́ tó rọ̀.

Àtàǹpàkò ni bíréèkì tó dára jù. Ẹ jẹ́ kó fara kan àgbá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ìjẹ ti ń lọ, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ìjẹ tó kan omi. Okùn inú àgbá kò gbọdọ̀ kún dé etí, kó ku mìlímítà 2 tàbí 3. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọ ìlú lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ibi tí yóò ti máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín ni kí ẹ dúró sí.

Ewu kan wà tó ju okùn lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá òde òní ni wọ́n fi carbone ṣe, iná mànàmáná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má ju ìjẹ lábẹ́ wáyà iná, kí ẹ sì gbé ọ̀pá sílẹ̀ bí àrá bá bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà tí òjò Abidjan ń le. Ní ipa omi Vridi, omi ń sáré gan-an, ọkọ̀ òkun ńlá sì ń gba ibẹ̀ wọ èbúté. Ẹ jìnnà sí etí rẹ̀.

Bí ó bá ti díjú ńkọ́?

Ẹ má fà á tagbáratagbára, ẹ má sì tètè wá ọ̀bẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àgbá mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ yí ọwọ́ ìyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ tú àgbá sílẹ̀, kí ẹ sì fa okùn jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá tún há, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò tú.

Bí ó bá di dandan láti gé e, ẹ má sọ ọ́ sómi. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà bíi koríko. Yóò wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ, mọ́ àwọ̀n apẹja, mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò kọjá ọ̀sà. Ẹ mú ìgò oníke kan dání lọ sí etí omi, kí ẹ máa ti okùn tí ẹ gé sínú rẹ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e dé ibi ìkódọ̀tísí. Èyí tí ẹlòmíràn bá fi sílẹ̀ lórí iyanrìn náà, ẹ kó o mọ́ tiyín. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.