Ẹ Má Tíì Yọ Eyín Ìyá Àgbà

Ìyá mi àgbà ní Dọ̀pẹmú ní bí àwọn bá mu omi tútù, eyín ń kan àwọn. Kí wọ́n kúkú yọ ọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi: ìdí eyín, lẹ́bàá èrìgì, ti dúdú.

Bí èrìgì àgbà bá fà sẹ́yìn, gbòǹgbò eyín á hàn síta. Kò ní èèpo líle bíi ti orí eyín, ó sì tètè ń kẹ̀. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún máa ń mú ẹnu gbẹ, bẹ́ẹ̀ itọ́ ló ń dáàbò bo eyín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n torí ẹ̀ dá oògùn dúró o. Ẹ sọ fún dókítà.

Kí ni ṣíṣe? Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí wọ́n tutọ́ dànù, kí wọ́n má fi omi ṣan ẹnu. Ẹ dín súìtì kù. Dókítà eyín lè kun ibẹ̀ ní fluoride tàbí kí ó dí ihò náà. LASUTH ní Ìkẹjà kò jìnnà.

Lálẹ́ òní, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yín, ẹ wo ẹnu àgbà ilé yín.