Jíìpù Kọ́ Nìyẹn

Níbi ìgbéyàwó kan ní Ẹdẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Wọ́n ti gbé ìrẹsì kiri, àwọn onílù ń ki ìdílé ìyàwó, nígbà tí ọkọ̀ dúdú ńlá kan yọ ní kọ̀nà. Gíláàsì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, táyà rẹ̀ sì ga dé àyà ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tú jáde lábẹ́ kánópì, wọ́n ń pariwo: "Jíìpù dé o! Jíìpù dé!"

Bàbá àgbàlagbà kan tí mo jókòó tì wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mú ojú kúrò.

"Jíìpù kọ́ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Pálọ̀ olówó ni wọ́n fi táyà sí nídìí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá kò rín. Wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lórí bọ́lẹ̀kájà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Wọ́n bi mí bóyá mo ti rí jíìpù rí. Mo ní, "Mo ti rí i, Bàbá." Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Orúkọ lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀."

Orúkọ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lẹ́yìn.

Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945, àárín rẹ̀ ni wọ́n bí jíìpù. Gbogbo ayé gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bí i, ta ló sì sọ ọ́ lórúkọ? Ibẹ̀ ni ìjà wà títí dòní.

Ní ọdún 1940, àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ 135 pé àwọn ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tó fúyẹ́, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa fà á, tí yóò gun òkè, tí yóò sì la ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Ọjọ́ 49 péré ni wọ́n dá fún ẹni tó bá fẹ́ gbé àkọ́ṣe rẹ̀ wá. Nínú ilé iṣẹ́ 135, méjì ló dáhùn. Èyí tó kéré jù nínú àwọn méjèèjì, Bantam, ní ìlú Butler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ló gba iṣẹ́ náà. Gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bantam nígbà náà. Wọ́n sáré ké sí ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Karl Probst, ó jókòó ti bébà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ya ọkọ̀ náà tán. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, wọ́n wà á wọ ọgbà àwọn ológun ní Camp Holabird ní Maryland. Ààbọ̀ wákàtí ló kù kí àkókò tí wọ́n dá fún wọn pé.

Ọkọ̀ náà dára. Dídára rẹ̀ ló kó bá ẹni tó ṣe é. Àwọn ológun wò ó pé Bantam kéré jù láti ṣe iye tí àwọn ń fẹ́, wọ́n bá kó àwòrán iṣẹ́ náà fún Willys-Overland àti Ford pé kí àwọn náà ṣe tiwọn. Nígbà tí ogun fi máa parí, Willys àti Ford ti ṣe jíìpù tó lé ní 640,000. Ti Bantam lé díẹ̀ ní 2,600, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí ó máa ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù tí jíìpù ń fà lẹ́yìn. Ẹni tó bí ọmọ wá di ẹni tó ń ṣe ohun tí ọmọ ń wọ́ nílẹ̀.

Ti orúkọ tún le ju ti bàbá ọmọ lọ. Àwọn kan ní lẹ́tà méjì ni, G àti P, tí àwọn sójà pè pọ̀ kíákíá títí ó fi di jíìpù. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "General Purpose", ọkọ̀ tó wà fún gbogbo iṣẹ́. Àwọn tó mọ ìwé Ford dáadáa ní kò rí bẹ́ẹ̀: G dúró fún ìjọba ("Government"), P sì jẹ́ àmì ìwọ̀n tó wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ kejì ní inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ Popeye ló ti wá. Ní 1936, ẹranko àràmàǹdà kan jáde nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Eugene the Jeep. Kò sí ibi tí ẹranko náà kò lè wọ̀, "jeep" nìkan sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn sójà ti ń pe ọkọ̀ tí wọn kò tíì dán wò, àti ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ní "jeep" tipẹ́tipẹ́.

Ohun tó dájú ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941, awakọ̀ Willys kan, Red Hausmann, wa ọkọ̀ náà gun àtẹ̀gùn ilé aṣòfin ní Washington lójú gbogbo ènìyàn. Akọ̀ròyìn obìnrin kan, Katharine Hillyer, wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Hausmann ohun tí wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, ó ní jíìpù ni. Hillyer kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Mo ro gbogbo èyí fún Bàbá nígbà tí mo lọ kí wọn nílé. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n ní gbogbo wọn ò gbọ́n. "Ohùn rẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Tó bá ń gun òkè, á máa ké jíì-pù, jíì-pù. Bí bàbá mi kékeré ṣe wí nìyẹn, òun ló sì wà á."

Bọ́mà ni bàbá wọn kékeré ti wà á. Ìpín ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, 81 àti 82, ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti bá Japan jà, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ìpín 81 fi ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù kan tó gùn tó máìlì 75 gba orí àwọn òkè wọ àfonífojì Kaladan. West African Way ni wọ́n pe ọ̀nà náà. Ibi tí ọ̀nà parí sí, jíìpù dúró níbẹ̀, orí ènìyàn ló gba ẹrù. Ọkọ̀ òfúrufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn nínú igbó. Ní àfonífojì yẹn náà ni ìbọn ti ba Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi padà wá, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ kó tó kú ní 2012.

Bàbá kékeré ní tirẹ̀ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí Bàbá rántí ni ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní Ẹdẹ pẹ̀lú bàtà sójà lẹ́sẹ̀. Agbo ilé kóra jọ, wọ́n bi í léèrè ohun tó ṣe lójú ogun. Ó ní jíìpù lòun wà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá mú igi, ó ya á sórí ilẹ̀: táyà mẹ́rin, ìjókòó, ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Wọ́n ní kó ya ilẹ̀kùn sí i. Ó ní kò ní ilẹ̀kùn. Wọ́n ní òrùlé ńkọ́? Ó ní aṣọ ni, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ nìkan ni wọ́n ń ta á. Ìyá àgbà kan nínú wọn wò ó títí, ó ní, "Ọkọ̀ tí kò nílẹ̀kùn, tí kò lórùlé? Ṣé òṣì ń ta òyìnbó náà ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín dé omijé. Wọ́n wá nawọ́ sí ìta, níbi tí ọkọ̀ aládùúgbò kan ti ń tàn yanran. "Ẹ wo ilẹ̀kùn," ni wọ́n wí.

Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ sójà tó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ ológun ló di awakọ̀ lórí ọ̀nà wa. Lọ́rìì ti wà kí ogun tó dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ogun ló wá pọ̀ bí eéṣú. Bedford, tí ilé iṣẹ́ Vauxhall ní Luton ti ṣe tó lé ní 250,000 fún ogun, wá di tiwa. Orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti òkè òkun wá, gbẹ́nàgbẹ́nà wa ló kan ara rẹ̀. Ó di bọ́lẹ̀kájà. Lórí orúkọ yìí náà ìjà wà. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń jà sí èrò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní èrò gan-an ni: wọ́n jókòó kọjú síra, orúnkún ń gbá orúnkún, bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, ìjà dé, ẹnìkan á sì ní kí ẹnìkejì bọ́ sílẹ̀ kí àwọn jà.

Bọ́lẹ̀kájà wa ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará òkè òkun kò jẹ́ kí jíìpù tiwọn lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ìjọba ta jíìpù tó ṣẹ́kù fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Nígbà tó yá, àwọn tó ti darúgbó pẹ̀lú ogun náà àti àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn jáde nínú ọgbà àti abà. Ní 1968, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Britain fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló di Military Vehicle Trust. Lónìí, bí oṣù kẹfà bá ti dé, jíìpù tí wọ́n tún ṣe á kún etíkun Normandy ní Faransé láti rántí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, tí ọmọ ogun gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Àtúnṣe wọn kì í ṣe ti páńẹ́lì-bítà tó fi pútì dí ihò. Wọ́n á tú ọkọ̀ náà palẹ̀ dé ṣáàsí, wọ́n á ka nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á wá ọ̀dà tó bá ti ọdún náà mu. Ford a máa lu lẹ́tà F sórí bóòtì tirẹ̀. Ẹni tó ń tún jíìpù Ford ṣe lè fi ọdún méjì wá bóòtì tó ní F, bóòtì mìíràn tó lágbára jù ú lọ sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó kan ọkọ̀ náà ní 1943 ni wọ́n fẹ́ kó hàn, wọn kò fẹ́ kí tiwọn bò ó.

Inú ìwádìí yìí kan náà ni mo ti rí ohun tí mo rò pé màá fi borí Bàbá. Ní ẹ̀yìn ogun, Maurice Wilks, ọ̀gá ẹnjiníà Rover, ń lo jíìpù sójà lóko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey ní Wales. Ara jíìpù náà ló ti mú àpẹẹrẹ Land Rover tí wọ́n fi han ayé ní Amsterdam ní 1948. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà náà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ní 1951, nígbà tí ogun Korea ń lọ, Toyota ṣe ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń jẹ́ BJ ní àwòrán jíìpù, ní 1954 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Land Cruiser. Mo wá sọ fún Bàbá pé pálọ̀ olówó tí wọ́n rí níbi ìgbéyàwó, ọmọ-ọmọ jíìpù ni.

Wọ́n ní, "Ọmọ-ọmọ a máa jọ bàbá-ńlá. Ìyẹn kò ní kó jókòó sórí àga rẹ̀."

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, a ní díẹ̀ tí a tọ́jú. Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn ní Èkó, ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n ti pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò ìbọn lára rẹ̀. Wọn kò tún un ṣe, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní Umuahia, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó ṣí ní 1985, ọkọ̀ ogun tí àwọn ẹnjiníà Biafra fi ọwọ́ ara wọn kàn, tí wọ́n ń pè ní Red Devil, ṣì wà. Ìjọba ló ni méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo tó ra ọkọ̀ ogun àtijọ́, tó tún un ṣe, tó sì gbé e jáde kí ọmọ aráyé wò ó, n kò tíì bá a pàdé ní Ẹdẹ. Bẹ́ẹ̀, báráàkì wà ní ìlú wa, Ẹdẹ Mápó Arógun sì ni wá, ìlú tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná jókòó sí láti fi ọfà ṣọ́nà.

Mo bi Bàbá níbi tí bọ́lẹ̀kájà wọn wọlẹ̀ sí. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú àdá kan jáde. Sípíríǹgì ẹsẹ̀ lọ́rìì ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ́. Bàbá ní inú ọkọ̀ náà gan-an ló ti wá, àti pé ọkọ̀ náà ti rìn nínú ogun kó tó dé Ẹdẹ. Wọ́n ti pọ́n ọn títí kò fi fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ògún ni irin jẹ́ lọ́dọ̀ wa: a kì í gbé e sórí àtẹ, iṣẹ́ la fi ń rán an. Mo gbọ́ ọ yé. Síbẹ̀, pípọ́n ló ń jẹ ẹ́ lọ.

Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ni a máa ń rántí àwọn sójà wa tó lọ. Ẹyẹlé a fò, fèrè a dún, kò sì sí jíìpù kan tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bàbá yín ṣì ń dípẹtà lẹ́yìnkùlé tàbí lóko, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí àwọn tó ń ra irin àlòkù bá gbé òṣùwọ̀n wọn dé, ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe kílò lẹ fi ń tà á.