Ìmọ́lẹ̀ Ọjọ́ àti Títẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ Lọ́dàá

Apakun, lẹ́bàá Oṣòdì, ní ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Èkó, kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè wá ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ilé ti fún mọ́ ilé níbẹ̀. Àwọn tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀ fún ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń jẹ ohun tí ẹlòmíràn sìn. Lára ibi tí ẹran náà ti ń wọ Èkó ni ibùdó àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Arọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́nu ààlà. Ní ọdún 2020, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà jà níbẹ̀, ó sì pa ẹran lọ bẹẹrẹ. Ẹni tí irú àjálù bẹ́ẹ̀ bá bá, tí ó sì fẹ́ tún agbo kó jọ, ní ìbéèrè méjì láti dáhùn. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó máa tan iná sí ilé ẹran lóru kí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lè tètè bàlágà? Èwo nínú àwọn akọ ni kí ó sì tẹ̀ lọ́dàá?

Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ wà lára ẹlẹ́dẹ̀ igbó ilẹ̀ Yúróòpù, tí í ṣe baba ńlá ẹlẹ́dẹ̀ ilé. Nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú sí i, tí ọdún ń lọ sópin, ni akọ máa ń gun abo. Oyún ẹlẹ́dẹ̀ ilé jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 114. Ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó kò jìnnà sí i. Nítorí náà, àwọn ọmọ a máa wáyé nígbà tí òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí oúnjẹ sì pọ̀. Ojú ni ó ń ka ọjọ́ fún ẹran náà. Kókó kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí ń tú omi ara tí à ń pè ní melatonin jáde lóru. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó dín kù. Òru gígùn túmọ̀ sí melatonin fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ sì ń fi èyí mọ àkókò ọdún.

Ṣùgbọ́n Èkó kì í ṣe London. Ní London, ọ̀sán ìgbà òtútù kò pé wákàtí 8, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ju wákàtí 16 lọ. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù kò pé wákàtí kan. Nítorí náà, ẹni tí ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lóru nítorí kí ẹlẹ́dẹ̀ lè bàlágà ń náwó sí ohun tí kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ooru ni ọ̀tá. Bí ooru bá mú akọ ẹlẹ́dẹ̀ jù, àtọ̀ rẹ̀ a bàjẹ́, ó sì lè ju oṣù kan lọ kí ó tó tún padà bọ̀ sípò. Ibòji, omi àti atẹ́gùn ni owó náà yẹ fún.

Ní ti kórópọ̀n, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe: ó ń ṣe àtọ̀, ó sì ń ṣe testosterone tí ń sọ akọ di akọ. Ọpọlọ ni ó ń ránṣẹ́ sí i láti ṣiṣẹ́, testosterone náà a sì padà lọ sọ fún ọpọlọ pé ó tó. Bí wọ́n bá yọ kórópọ̀n kúrò, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán a pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Ní ọdún 1849 ni Arnold Berthold, ará Jámánì, ti fi àkùkọ hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé agbára kórópọ̀n káàkiri ara.

Nítorí èyí, àwọn ẹ̀yà tí ń pèsè omi àtọ̀ kì í dàgbà nínú ọ̀dá. Kì í wá abo, ọ̀rá rẹ̀ a sì pọ̀ ju ti akọ tí a kò tẹ̀. Òórùn androstenone tí ń ba ẹran akọ àgbà jẹ́ kì í sí lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn alápatà fi fẹ́ ọ̀dá. Ṣùgbọ́n androstenone yìí kan náà, tí ó wà nínú itọ́ akọ, ni ó ń ran ọ̀dọ́ abo lọ́wọ́ láti tètè bàlágà. Ẹni tí ó bá tẹ gbogbo akọ rẹ̀ lọ́dàá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àwọn abo sẹ́yìn.

Kò sí àtùpà tí ó lè tún ọ̀dá ṣe. Omi kọ́ ni ó dànù níhìn-ín, agbè ni ó fọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni títẹ̀ rọrùn jù; bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, oníṣègùn ẹran àti oògùn apàrora ni ó yẹ. Nítorí náà, kí olùsìn tó mú abẹ, kí ó kọ́kọ́ ya àwọn tí yóò fi ṣe baba sọ́tọ̀: ọmọ ìyá tí ń bímọ púpọ̀ tí wàrà rẹ̀ sì dára, tí kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Kí ó sì dá iye tí ó ju èyí tí ó nílò sí, nítorí ikú kì í kọ ìwé ránṣẹ́ kí ó tó wọ agbo.