Ẹsẹ̀ Ọmọ Tí Ó Tẹ̀: Ẹ Wo Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ tí ó ti kọjá ọdún méjì bá ń rìn tí orúnkún rẹ̀ ń gbá ara wọn, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ẹ má ṣe rò pé pípọ̀n tí ẹ pọ̀n ọ́n ni ó fà á. Ẹ má sì ṣe fura sí ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé egungun rẹ̀ ni kò rí oúnjẹ tó. Rickets ni àwọn dókítà ń pe àrùn náà.

Ohun méjì ni egungun ń fẹ́ kí ó tó le: kálísíọ́mù inú oúnjẹ, àti fítámì D, tí ń ran ìfun lọ́wọ́ láti gba kálísíọ́mù náà. Bí oòrùn bá ń pa wá, ara wa a máa ṣe fítámì D fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tí kò rí búlọ́ọ̀kù, ilé wo ni yóò mọ?

Ní ìlú Jọ́ọ̀sì, àwọn dókítà fi ọ̀sẹ̀ 24 tọ́jú ọmọ 123 tí ó ní àrùn yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Kálísíọ́mù tí àwọn ọmọ náà ń jẹ lóòjọ́ kò tó ìdajì ohun tí ara wọn ń fẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba fítámì D nìkan, 19 péré ni ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ yá tán. Nínú àwọn tí ó gba kálísíọ́mù nìkan, 61 ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra oògùn, ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀. Ògì lásán kò tó ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Ẹ lọ ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ teegunteegun títí yóò fi kúnná, kí ẹ bù ú sínú ògì àti ọbẹ̀ rẹ̀. Wàrà, mílíìkì, edé àti ewédú náà dára.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ọmọ yín tí ó bímọ sí Ìlú Ọba. Oòrùn ìgbà òtútù níbẹ̀ kò lágbára tó, àwọ̀ dúdú sì ń fẹ́ oòrùn púpọ̀. Ìmọ̀ràn ìjọba ibẹ̀ ni pé kí ọmọ tí ń mu ọmú máa gba máíkírógíráàmù 8.5 sí 10 fítámì D lójoojúmọ́ títí yóò fi pé ọdún kan. Ẹ rán wọn létí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe kọjá ìwọ̀n, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ẹsẹ̀ bá sì ti tẹ̀, ẹ tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àtikékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.