Súkúrù Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Tú

Ẹ̀yin tí ẹ ní alùpùpù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, a sì fẹ́ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì wò. A ti da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́. Súkúrù méje tú wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹjọ kọ̀. A gbìyànjú rẹ̀, sukurudíráfà yọ̀, ó sì jẹ ojú súkúrù náà díẹ̀.

Ẹ dúró níbẹ̀! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ṣì lè tún un ṣe. Bí a bá fi ìbínú yí i lẹ́ẹ̀márùn-ún, ojú súkúrù á di ihò róbótó, kò sì ní sí ohun tí a óò fi dì í mú mọ́.

Kí ló dé tí kò fi tú? Ìdérí ẹ́ńjìnnì jẹ́ alumíníọ̀mù, súkúrù jẹ́ irin. Bí omi òjò bá wọ àárín àwọn méjèèjì, wọ́n a máa jẹ ara wọn, lẹ́búlẹ́bú funfun a sì dí ihò náà pinpin. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀bi sukurudíráfà wa ni. Ọ̀pọ̀ alùpùpù Jàpáànù àtijọ́ ní súkúrù olójú àgbélébùú tí à ń pè ní JIS. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ni Phillips, tí ará Amẹ́ríkà kan gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1936. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹnu Phillips kì í wọ ojú JIS dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo orí súkúrù yín: àmì tó kékeré kan sábà máa ń wà lórí ti JIS.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ họ ìdọ̀tí ojú súkúrù kúrò. Ẹ kán ọ́ìlì tó ṣàn dáadáa sí i, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. (Àwa mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ fi alùpùpù wá oúnjẹ òòjọ́ kò fẹ́ gbọ́ èyí. Síbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ kan kò wọ́n tó ìdérí tuntun.) Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi híhó sí ìdérí náà lára, nítorí ooru a máa mú alumíníọ̀mù fẹ̀ ju irin lọ. Ẹ má fi iná sún mọ́ ọn o; pẹtiróòlù wà nítòsí. Ẹ fi òòlù kan sukurudíráfà lórí díẹ̀díẹ̀ kí ó lè wọlé. Ẹ wá fi gbogbo ara tì í, kí ẹ yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí òsì. Títì ni kí ó pọ̀ ju yíyí lọ.

Irin kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ímpáàtì. A ó fi òòlù lù ú nídìí, yóò ti ẹnu rẹ̀ wọlé, yóò sì yí súkúrù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rí i pé òsì ni ẹ yí i sí kí ẹ tó lù ú. Bí ẹ bá lè ra irin kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ rà.

Bí ojú súkúrù bá ti jẹ tán ńkọ́? Ẹ fi ayùn irin la ojú tuntun sí orí rẹ̀, tí ayùn bá dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wa fi irin ẹnu mímú gbá súkúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè yí. Ó gbá a jù, ìdérí sì sán. Díríìlì sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara súkúrù bá jẹ́ mílímítà 6, ẹ fi ẹnu díríìlì mílímítà 6 lu àárín orí rẹ̀ gan-an títí orí yóò fi já. Ìdérí á ṣí, ìyókù súkúrù á yọ síta, ẹ ó sì fi píláyà yí i jáde.

Ẹ má dá súkúrù tí ojú rẹ̀ ti jẹ padà. Ẹ ra tuntun, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lára, kí ẹ sì dè é mọ níwọ̀n.